Dókítà Àgbà, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn dókítà wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Láti Ìkàrẹ́, gba Àkùngbá, títí dé Ọ̀kà, wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Àwọn ni ẹ ń rí ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú awò ojú àti ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, tí ìdajì àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ kò sì mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni wọ́n bí àwọn sí.

Ọ̀kan nínú wọn wà nítòsí mi. N kò ní dárúkọ bàbá náà, nítorí wọn kò fẹ́ òkìkí. Bí ìsìn bá parí, tí a jókòó tì wọ́n, ìtàn ni ṣáá: bí iná ṣe lọ tí wọ́n fi àtùpà parí iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n ṣe ń gun òkè Ọ̀kà lóru lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń rọbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe òǹkọ̀wé, wọ́n ní ta ni yóò kà á, wọ́n tún ní ó dà bí ẹni pé ènìyàn ń yin ara rẹ̀.

Ẹ rántí Lúùkù. Nínú Kólósè orí kẹrin, Pọ́ọ̀lù pè é ní oníṣègùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, Lúùkù fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn púpọ̀ ti kọ̀wé ṣáájú òun, síbẹ̀ ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, ó sì kọ tirẹ̀. Ká ní ó wí pé àwọn yòókù ti tó, a kì bá tí gbọ́ nípa ará Samáríà rere tàbí ọmọ onínàákúnàá, nítorí inú ìwé Lúùkù nìkan ni àwọn méjèèjì wà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa náà, ọwọ́ dókítà ni ìtàn wa gbà kọjá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó fún títẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì gbé sọnù. Ní 1901, ó kú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, kó àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì jókòó tún ìwé náà kọ. Ní 1916 ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ni àwọn ará Jámánì bá gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà! Ìdì ìwé náà tó bí ọdún méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, nígbà tó sì débẹ̀, bébà ti wọ́n. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Dókítà ti kú ní 1920.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké yẹn. Èdè tí a kò tíì tún ṣe, ìwé jágbajàgba, ni ó gba ìtàn odidi ẹ̀yà kan là. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má dúró de gbólóhùn dídán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Òǹdó, kọ ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀ jáde ní 2010, ọdún mẹ́wàá kó tó kú. Ẹ lè sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo ọgbọ̀n ọdún ní ọsibítù ìjọba nílẹ̀ Àkókó rí ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì Àkùngbá lónìí kò mọ ìgbóná. Ní 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti kúrò láyé. Wọn kò mọ sòbìà, tó mú ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 600,000, nígbà tí ìjọba ka àwọn aláìsàn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní nǹkan bí 1988. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kò rí ọmọ tí èéyi pa rí ni ó ń béèrè pé kí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí, kí ó lè kà á.

Ẹ kọ nípa àwọn aláboyún tí àwọn òjíṣẹ́ kan dá dúró sí ilé àdúrà títí ó fi pẹ́ jù. Yóò ta àwa pásítọ̀ lára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Orúkọ aláìsàn nìkan ni kí ẹ bò, nítorí àṣírí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Bí ọdún bá ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ fi ohun ńlá dá a mọ̀: ṣé kí ogun abẹ́lé tó parí ní 1970 ni, àbí lẹ́yìn tí náírà dé ní 1973, àbí ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ní 1976?

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí òbí bá kú, a máa ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú aláwọ̀ mèremère, fọ́tò kún inú rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé kò sì ju ojú ewé kan lọ, èyí tí a sáré kọ láàárín òru méjì. Lára owó yẹn tó tẹ ìwé tòótọ́ nígbà tí bàbá ṣì lè tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé lọ́dọ̀ National Library, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mẹ́ta pamọ́ síbẹ̀ bí òfin ṣe wí.

Bí ọwọ́ bàbá bá ń gbọ̀n, ẹ lo fóònù. Kí ọmọ-ọmọ kan gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, kí ó sì béèrè pé: “Bàbá àgbà, lóru ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dá wà ní ọsibítù, irú àìsàn wo ni wọ́n gbé wá bá yín?”