Róbọ́ọ̀tì Tí Kò Ní Rìmóòtù

Ìdíje kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé bíi tiwa ń ṣe káàkiri ayé. RoboCupJunior Rescue ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ́ róbọ́ọ̀tì tó máa dá wá èèyàn rí, bí ìgbà tí ilé wó. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú Kobe ní Japan. Èèyàn tó kú lé ní 6,000. Àjálù yẹn ló mú kí RoboCup dá ẹ̀ka ìdóòlà ẹ̀mí sílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé náà sì ní tiwọn.

Ilẹ̀ pápá ìdíje funfun, wọ́n á wá lẹ ìlà dúdú mọ́ ọn. Sẹ́ńsọ̀ ni ojú róbọ́ọ̀tì. Funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, dúdú kì í fẹ́ẹ́ dá a padà. Tí sẹ́ńsọ̀ òsì bá rí dúdú, róbọ́ọ̀tì ti ń yà sọ́tùn-ún nìyẹn. Táyà òsì á rọra, tọ̀tún á máa sáré, á sì padà sójú ìlà. Tó bá dé oríta, àmì aláwọ̀ ewé ló máa sọ ibi tó máa yà sí.

Ó rọrùn, àbí? Ẹ dúró ná. Ìlà náà máa ń já láàárín. Nǹkan lè dí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ “tẹ̀ lé ìlà” nìkan lẹ kọ sínú ẹ̀, ibi tí ìlà bá ti já, ó lè ṣìnà.

Rìmóòtù sì jẹ́ èèwọ̀. Ẹ rò ó wò ná: lábẹ́ kọnkéré àti irin, àṣẹ tí ẹ bá pa níta lè má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àwọn àgbà ní tí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Róbọ́ọ̀tì ò mọ ìyẹn. Bí ẹ ṣe rán an gan-an ló máa jẹ́ ẹ.

Ní ìparí, á wọ yàrá kan tí bọ́ọ̀lù kéékèèké wà. Èyí tó ń dán bíi fàdákà ni alààyè, dúdú ni òkú. Alààyè ló ṣáájú. Ìṣẹ́jú 8 péré ni gbogbo ẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì ní Lagos Island. Iléèwé wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ àti katakata ni wọ́n fi ń wá àwọn ọmọ náà. Róbọ́ọ̀tì ìdíje kéré, kò lè wọ irú àwókù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ lónìí lè kọ́ èyí tó máa wọ̀ ọ́ lọ́la.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìní róbọ́ọ̀tì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ kíláàsì, kí ẹ kọ gbogbo àṣẹ sínú ìwé. Ẹ wá di ọ̀rẹ́ yín lójú, kí ẹnìkan máa ka àṣẹ náà fún un. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kankan kún un o. Ibi tí ọ̀rẹ́ yín bá ti kọlu àga, ibẹ̀ lẹ ò rò dáadáa.