Ìwé Tí Ó Ń Tẹ̀lé Erè àti Odídẹrẹ́



Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkùnrin kan lè gun alùpùpù wá bá yín. Kì í ṣe iṣu ni ó ń wá. Erè kékeré ni, èyí tí ó máa ń ká jọ bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, tí a ń rí nínú ihò òkété àti nínú ọ̀gán. Àwọn òyìnbó ń sìn ín nínú ilé bí a ti ń sin ológbò. Ọkùnrin náà á ní: “Ẹ má bẹ̀rù, mo ní ìwé.” Ó dára. Ẹ ní kí ó mú un wá. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí.

Ní 1973, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn lórí títa ẹranko igbó sí òkèèrè. CITES ni orúkọ rẹ̀. Tógò wọ̀ ọ́ ní 1979, Bẹ̀nẹ̀ ní 1984. Ẹ wá lẹ́tà márùn-ún yẹn lórí ìwé náà. Ẹ wá orúkọ ejò náà: Python regius. Ẹ wo iye rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé 50, tí 80 wà nínú àpótí, 30 kò ní ìwé nìyẹn. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwé yìí kì í lò ju oṣù 6 lọ. Ẹrù kan, ìwé kan ni.

Lẹ́tà kan ṣoṣo tún wà níbẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì. W ni ejò tí a mú nínú igbó. R ni èyí tí a kó láti inú igbó nígbà tí ó wà ní ẹyin tàbí ní ọmọ, tí a wá tọ́ ọ dàgbà. C ni èyí tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti wà ní àhámọ́ kí a tó bí i. Bí ẹ bá rí C lórí ìwé ejò tí ẹ̀yin fúnra yín wà jáde nínú ihò lánàá, irọ́ ni ìwé náà ń pa.

Ìwé òkèèrè sì ni o. Kò gba ẹni tí ń wa ihò lọ́wọ́ aṣọ́gbó. Àṣẹ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ Eaux et Forêts.

Ti odídẹrẹ́ le jù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kìíní 2017, a kò gbọdọ̀ ta odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì mọ́. Èyí kan àwa ará Kétu gan-an. Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, ẹbí wa sì ni wọ́n. Bí òkú bá kú níbẹ̀, a kì í rántí ààlà kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé odídẹrẹ́ kan ṣoṣo sínú àgò láti ibẹ̀ wá tà, òfin ti kà á sí ọjà òkèèrè. Ẹni tí ó bá ti ní tirẹ̀ nílé tipẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ aṣọ́gbó kí ó tó tà á tàbí kí ó tó fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.