Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Jù Láàárín Ọkùnrin àti Obìnrin?

Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ìrọ́jú. Bó bá jẹ́ ilé ìdáná ni, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná o. Èmi nìkan ni mo jókòó ti máìkì lónìí. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́rin jókòó láti gbèrò lórí iṣẹ́ tuntun kan. Ọkùnrin mẹ́ta, èmi nìkan ni obìnrin. Mo dá àbá kan, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ, ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin! Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin ń sọ ọ̀rọ̀ 20,000 lójúmọ́, tí ọkùnrin ń sọ 7,000 péré? Sáyẹ́ǹsì ló sọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò lanu sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí. Nígbà tí a tún pàdé, mo rí àṣìṣe kan nínú ètò wa, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Àṣìṣe yẹn ló jẹ́ ká tún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ohùn kí n sì máa tò ó. A máa ń gba ohùn ìpàdé wa sílẹ̀ kí a má bàa gbàgbé ohun tí a sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn lórí kọ̀ǹpútà, mo ya ohùn oníkálùkù sọ́tọ̀, mo sì ka ìṣẹ́jú. Ẹni tó ní obìnrin ń sọ̀rọ̀ jù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 31. Èmi, ìṣẹ́jú 9.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Níbo ni 20,000 ti wá?

Ìwé kan tó ń jẹ́ The Female Brain, tí dókítà Louann Brizendine kọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, wà lára ohun tó gbé iye yìí káàkiri ayé. Mark Liberman, onímọ̀ ẹ̀dá èdè ní Yunifásítì Pennsylvania, wá orísun rẹ̀ títí. Kò rí ìwádìí kankan tí wọ́n ti jókòó ka ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn kí wọ́n tó dé iye yẹn. Wọ́n yọ ọ́ nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́. Títí di òní, ó ṣì ń yípo lórí WhatsApp.

Lọ́dún 2007, Matthias Mehl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré sára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 396 ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ẹ̀rọ náà máa ń gba ohùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní gbogbo ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀, ẹni tó gbé e dání ò sì mọ ìgbà tó ń gbà á. Obìnrin sọ ọ̀rọ̀ 16,215 lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba. Ọkùnrin sọ 15,669. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé àwọn olùwádìí ò kà á sí ìyàtọ̀ gidi.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún yín o. Lọ́dún 2025, ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ jáde, èèyàn 2,197 ló wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé láàárín ẹni ọdún 25 sí 64, obìnrin fi bí ọ̀rọ̀ 3,000 ju ọkùnrin lọ lójúmọ́. Láàárín àwọn tó kéré sí wọn àti àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa. Àsìkò ọmọ títọ́ ni. Ẹni tó ń pariwo "wá jẹun, bọ́ bàtà, fi iná sílẹ̀" látàárọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní pọ̀ ni? Àwọn olùwádìí náà dárúkọ ọmọ títọ́ pé ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó fà á.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnì kan wà nínú ìwádìí yẹn tí kò sọ tó ọ̀rọ̀ 100 lójúmọ́, ẹlòmíì sì sọ ju 120,000 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn kan sí èkejì ju èyí tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin lọ fíìfíì.

Ọpọlọ ńkọ́?

Òótọ́ ni pé ọpọlọ ọkùnrin fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti obìnrin lọ ní ìpíndọ́gba. Lọ́dún 1879, Gustave Le Bon ní ilẹ̀ Faransé lo irú ọ̀rọ̀ yìí láti fi sọ pé obìnrin ò ní làákàyè tó ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà tóbi jù ní ìpíndọ́gba. Bó bá jẹ́ pé títóbi ọpọlọ ni ọgbọ́n, erin ì bá ti máa kọ́ wa ní yunifásítì.

Lọ́dún 2015, Daphna Joel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì wo àwòrán ọpọlọ tó lé ní 1,400. Wọ́n yan àwọn ibi tí ti ọkùnrin àti ti obìnrin ti yàtọ̀ síra jù, wọ́n wá wò ó bóyá ẹnì kan á ní gbogbo rẹ̀ ní ti ọkùnrin tàbí gbogbo rẹ̀ ní ti obìnrin. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kéré gan-an. Àdàlù ni ọ̀pọ̀ wa: ẹ̀wà ń bẹ níbẹ̀, àgbàdo ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ta ko èrò yìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè wo ọpọlọ kan kó sì sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin, kó sì gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n pé a lè mọ ẹni tó ni ọpọlọ kò sọ ohun tí onítọ̀hún lè rò tàbí ohun tí kò lè rò.

Ṣé kò wá sí ìyàtọ̀ rárá ni?

Ó wà. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn fi ojú inú yí àwòrán bíríkì kan po kó sì mọ bó ṣe máa rí láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkùnrin máa ń ṣe dáadáa jù ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí ní Toronto ní kí àwọn èèyàn gba géèmù orí kọ̀ǹpútà fún wákàtí 10. Gbogbo wọn já fáfá sí i, tàwọn obìnrin sì pọ̀ jù, débi pé àlàfo náà dínkù. Ohun tí wákàtí 10 lè dín kù, ṣé ó yẹ ká torí rẹ̀ sọ fún ọmọdébìnrin pé iṣẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe tirẹ̀?

Janet Shibley Hyde kó irú àwọn ìwádìí báyìí jọ lọ́dún 2005. Ó yẹ àkójọ ìwádìí 46 wò. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyàtọ̀ tó rí ló kéré tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Èyí tó tóbi níbẹ̀ jẹ mọ́ nǹkan bíi bí èèyàn ṣe lè ju nǹkan jìnnà tó.

Kí ló wá ń jẹ́ ká gbà á gbọ́? Ohun tó bá èrò wa mu ló ń dúró lọ́kàn wa. Bí obìnrin bá fi mọ́tò dí ọ̀nà, "mo mọ̀ pé obìnrin ló ń wà á." Ẹ wo àwọn awakọ̀ dánfó l'Ékòó, ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, ta ló ti gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dá ọpọlọ ọkùnrin lẹ́bi rí?

Kì í ṣe obìnrin nìkan ló ń jìyà rẹ̀ o. Lọ́dún 1992, John Gray kọ ìwé tó sọ pé Mars ni ọkùnrin ti wá, Venus ni ti obìnrin. Ó ní bí nǹkan bá dààmú ọkùnrin, ńṣe ló máa ń wọnú ihò rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan tí mo mọ̀ sin bàbá rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ nínú ihò yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí "bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn." Nígbà tó yá ló sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lòun ń retí kí ẹnì kan pe òun.

Nínú èdè tiwa, "ó" là ń pe ọkùnrin, "ó" là ń pe obìnrin. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé lórí èyí lọ́dún 1997. Ó ní ta ni àgbà, ta ni àbúrò, ni èdè wa kọ́kọ́ ń béèrè. Àwọn kan ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán, àwa náà sì mọ àwọn òwe tó ń bú obìnrin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Mo fi ìṣẹ́jú 31 àti ìṣẹ́jú 9 yẹn hàn án, ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́ ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Kò dún bẹ́ẹ̀ létí mi lọ́jọ́ yẹn." Mo gbà á gbọ́. Kò purọ́. Iye tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló fi ń gbọ́ mi. Òun ló ní kí n jókòó ti máìkì ní èmi nìkan lọ́sẹ̀ yìí, òun á jókòó gbọ́.

Ẹ ṣe é dán wò. Nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ tẹ aago fóònù yín, ẹ ka ìṣẹ́jú tí oníkálùkù fi sọ̀rọ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o.