Yàrá tó tutù lókè òkun: Ẹ yẹ fáàfù afẹ́fẹ́ wò kí ẹ tó ra bọ́ílà tuntun

Ní Ìlútítun níbí, kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀rọ tí yóò mú ilé móoru. Fáànù la máa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní New York, New Jersey tàbí Chicago mọ̀ pé tó bá ti di oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ ló jẹ́ pé ooru omi ló ń mú wọn gbóná. Bọ́ílà á se omi ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù lọ sínú rédíétọ̀ tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ni pé yàrá tó súnmọ́ bọ́ílà á gbóná bí ààrò, èyí tó wà lópin á tutù bí omi àmù. Owó gáàsì á sì máa gòkè. Kíá, wọ́n á ní bọ́ílà ti gbó, kí onílé lọ ra tuntun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ ní sùúrù ná.

Afẹ́fẹ́ ló dí ọ̀nà

Ẹ mú ife, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ tì í bọ inú omi. Omi ò ní kún inú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Bí páìpù ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí bọ́ílà bá sinmi, afẹ́fẹ́ á kún inú páìpù. Ooru omi ò lè kọjá àfi tí afẹ́fẹ́ bá jáde.

Iṣẹ́ fáàfù ńlá tó wà lópin páìpù ńlá nìyẹn. Á ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde. Bí ooru bá ti kàn án, á pa ara rẹ̀ dé. Fáàfù kékeré tó wà lára rédíétọ̀ yàtọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ yẹn nìkan ni tirẹ̀. Bí fáàfù ńlá bá ti kú, gbogbo afẹ́fẹ́ á máa fún ara wọn gba àwọn ihò kékeré yẹn. Yàrá iwájú á gbóná, thermostat á ní ó ti tó, á pa bọ́ílà, nígbà tí yàrá ẹ̀yìn ò tíì rí nǹkan kan.

Báwo lẹ ṣe máa yàn án?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ tan bọ́ílà nígbà tó tutù, kí ẹ wo aago láti ìgbà tí ìbẹ̀rẹ̀ páìpù ńlá bá gbóná títí ooru á fi dé òpin rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ń lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fáàfù yín kéré tàbí kó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí páìpù ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀. Ẹ má fi bí ẹnu fáàfù ṣe tóbi yàn án; ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó lè tú jáde ni kí ẹ bèèrè. Gorton No. 2 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ Hoffman 75 méjì, tàbí Gorton No. 1 mẹ́ta. Fún páìpù oníínṣì méjì, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fi Gorton No. 2 kan sí ẹsẹ̀ bàtà 20. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, ẹ fi méjì sí i.

Bí páìpù ńlá bá pé méjì, tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, èyí tó gùn ni kó ní fáàfù púpọ̀ sí i, kí ooru lè dé òpin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí fáàfù ga díẹ̀ lórí páìpù, kó má wà ní igun gan-an, torí omi tó bá ń gbá páìpù lè fọ́ ọ. Agbára ooru náà ò gbọdọ̀ pọ̀. Nínú ilé gbígbé, kò yẹ kó kọjá 2 psi. Kí púlọ́ńbà tó níwèé àṣẹ ló ṣe é, nígbà tí bọ́ílà bá ti kú tó sì ti tutù.

Ẹ má fi ẹ̀mí wewu

Bí yàrá bá tutù, àwọn kan á ṣí ẹnu ààrò gáàsì sílẹ̀, àwọn kan á gbé hítà kékeré onínáà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2022, irú hítà bẹ́ẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ nínú ilé ńlá kan ní Bronx, New York. Èèyàn 17 ló kú, 8 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, láti ilẹ̀ Gambia.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ilé ní New York, òfin wà lẹ́yìn yín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé tó 68°F lọ́sàn-án bí ìta bá wà lábẹ́ 55°F, àti 62°F lóru. Bí kò bá ṣe é, ẹ pe 311.

Ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó wà lọ́hùn-ún. Owó fáàfù ò tó nǹkan lára owó bọ́ílà.