Òrùka inú kòkòrò
Ẹ̀yin ará Titirou, bàkítéríà, kòkòrò tójú ò rí, dà bí ilé oníyàrá kan: ògiri níta, omi nínú, àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀ sì ká jọ bí okùn sáàárín. Ògiri yẹn ni amoxicilline máa ń bà jẹ́. Àmọ́ àwọn kan tún ní òrùka kékeré, plasmide, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gé oògùn náà. Wọ́n lè fún aládùúgbò ní ẹ̀dà rẹ̀, kì í ṣe ọmọ wọn nìkan o! Tẹ́ ẹ bá ra hóró méjì ní ọjà Arzèkè torí inú rírun, aláìlórùka á kú, olórùka á ráyè. Òmíràn nínú ìfun lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Bí àìsàn gidi bá dé, hóró yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́.