Kíjìpá Tí Ó Wà Ní Ìsàlẹ̀ Àpótí

Ní Òkè-Ogbo ní Ilé-Ifẹ̀, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ilé tí kíjìpá ìyá àgbà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí kò ṣọ̀wọ́n. Kòkòrò ńjẹ ẹ́, àwa sì ńná owó gọbọi sórí aṣọ fèrèsé lọ́jà. Àdánù méjì nìyí.

Kíjìpá, tí àwọn obìnrin ńhun lórí òfì tí a gbé dúró, nípọn, ó sì ńtọ́jọ́. Bí ẹni tí ó ni ín bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí aṣọ tí a bá ti gé kò ṣeé dá padà.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí òwú a máa súnkì. Bí aró rẹ̀ bá ńṣí, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi yóò fi mọ́. Fèrèsé tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ńfẹ́ aṣọ tí ó fẹ̀ ní 6, kí ó lè ṣẹ́po dáradára. Ẹ fi íǹṣì 3 kún òkè fún ojú okùn, àti 4 kún ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́tí. Níbi tí ẹ ó ti gé e, ẹ rán ìlà méjì, kí ẹ sì gé àárín wọn, kí òwú má bàa tú. Níhà oòrùn, ẹ fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá.

Àgékù rẹ̀ yóò tó fi sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n ran yín lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti ńlọ, ẹ sọ ìtàn ẹni tí ó ni aṣọ náà fún wọn.