Òkè-Ọ̀dàn àti Ọ̀nà Ìbodè

Ìlú ìgbàanì ni Òkè-Ọ̀dàn jẹ́ ní ilẹ̀ Yewa, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀. Ó wà láàárín Ìlaròó àti ìbodè orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn tí ogun tú ká láti ìletò oríṣiríṣi ni ó para pọ̀ tẹ̀ ẹ́ dó ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19. Kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà lọ sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, èyí sì mú kí ọjà rẹ̀ tètè gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ní 1848 ni ogun Gezo, ọba Dàhòmì, já wọ ìlú náà. Wọ́n pa ènìyàn púpọ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ lẹ́rú. Ọmọdébìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àìná wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Ní 1850 Gezo fi í ta Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ, òun sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Sarah Forbes Bonetta ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní 1862.

Òkè-Ọ̀dàn tún dìde. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé ààlà ní Paris. Ìlà yìí ya ẹbí kúrò lára ẹbí: àna wà níhìn-ín, oko wà lọ́hùn-ún.

Nígbà tí rélùwéè dé, Ifọ̀ ni ó ti yà, ó gba Ìlaròó, ó sì dúró ní Ìdógò. Nítorí náà ọkọ̀ ojú títì ni Òkè-Ọ̀dàn gbójú lé. Ọkọ̀ ní ń kó gàrí àti epo pupa dé ọjà. Ọkọ̀ ní ń gbé aboyún dé ilé ìwòsàn, òun náà ní ń gbé ẹni tí ó ní ọ̀ràn pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ dé Ìlaròó, níbi tí olú-ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa wà.

Ìdí nìyí tí àṣẹ tí wọ́n pa ní Àbújá fi tètè ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ níhìn-ín. Ní oṣù kẹjọ 2019 ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ìbodè orí ilẹ̀ pa, láti dá fàyàwọ́ ìrẹsì àti ohun ìjà dúró. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe já epo bẹntiróòlù sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ààlà. Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ààlà. Fàyàwọ́ epo ni wọ́n fẹ́ dá dúró, kì í sì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ṣùgbọ́n epo kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń lọ gbágùúdá, tí ó ń gbé ọ̀kadà rìn, tí ó sì ń mú kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Ẹni tí ó bá sì lọ fi kẹ́ẹ̀gì ra epo lọ́nà jíjìn, ewu iná ni ó gbé dání.

Ní oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n ṣí ìbodè Sẹ̀mẹ̀. Ìdí-Ìrókò, tí ó sún mọ́ Òkè-Ọ̀dàn jù, kò rí àṣẹ ṣíṣí gbà títí di oṣù kẹrin 2022, pẹ̀lú Jibiya, Kamba àti Ikom.